Àlejò Tó Wà Láyà Mi ní Tàmálè

Ọdún tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí padà lẹ́yìn àrùn kòrónà, tí èjìká tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan èjìká lórí ìrun, ọdún kejì rẹ̀ ni mo lọ sí ilẹ̀ Gánà. Bí mo ṣe ń ka ọdún tèmi nìyẹn. Múínátù, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ní ọdún náà ní nọ́ńbà tó ń jẹ́ nínú ìwé. Mo ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ìwé. Kò sí ẹni tí kò mọ ọdún tí mo ń wí ní Bẹyẹrunkà wa n'Ìbàdàn.

Ọmọ wíwẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí wọ́n bá ti bímọ ní agboolé wa, tàbí ní agboolé tó múlé tì wá, títí dé Àrẹ̀mọ, èmi ni wọn ń ránṣẹ́ pè. Màá fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, màá fi òrí pa á lára, màá na apá, màá na ẹsẹ̀, màá sọ ọ́ sókè, màá gbà á. Memúnà rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni Memúnà, ọmọ Tàmálè, ní apá òkè ilẹ̀ Gánà. Ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ó gba yàrá kan ní agboolé wa, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń bá wa jà ní Yorùbá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí, ó wá bá mi lórí àga.

Ó ní, “Ìyá, ní ọsibítù wa, a ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé. Àyà ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé wọn sí tọ̀sán-tòru, kí òtútù má pa wọ́n. Àìsàn ò jẹ́ kí ìyá àwọn mìíràn lè gbé wọn. Àgbà tó ní sùúrù là ń wá. Kò sówó níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ilé màmá mi lẹ máa gbé, oúnjẹ wọn náà lẹ máa jẹ. Oṣù kan péré.”

Mo ní mo gbọ́. Mo ní mò ń lọ.

Ilé dàrú. Sàhíìdì àkọ́bí mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹsẹ̀ yín tí kò lè gun òkè Mápó mọ́ láìsinmi lẹ fẹ́ gbé lọ sí Gánà? Ọ̀fẹ́ tún ni! Kí tiẹ̀ lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kí ẹ gbé ọmọ sáyà? Ìjókòó lásán lẹ fẹ́ lọ jókòó nìyẹn.”

Sìkírátù àbúrò rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Ìyá, bí ọlọ́jọ́ bá dé bá yín níbẹ̀ ńkọ́?”

Mo ní, “Ṣé kò sí ilẹ̀ ní Gánà ni?”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

A kírun Àsùbáà tán, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, a gba Bẹẹrẹ jáde lọ síbi tí a ti máa wọ mọ́tò Èkó. Sàhíìdì ló ru àpò mi, ó ń kùn bí oyin. Èlùbọ́ wà nínú àpò náà fún àwọn tó máa gbà mí sílé. Ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, kànìnkànìn tuntun wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀ nínú ike. Irinṣẹ́ mi ni. Oníṣẹ́ kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Ní Èkó lèmi àti Memúnà ti wọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Àkírà. Nígbà tí a dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn kọjá, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù wa. Láti ibẹ̀ lọ, Faransé ni wọ́n ń sọ. Ní Kùtọnu, àwọn ọlọ́kadà pọ̀ bí eṣú, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀; zémìjàn ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí a wọ Lómè, òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gan-an, bí ìgbà tí odò Ògùnpa bá wà lẹ́yìnkùlé ẹni, àfi pé òun kò ní òdìkejì. Mo wò ó títí ọrùn fi ń ro mí.

Ní Àkírà, Memúnà ra kẹ́ńkẹ́ fún mi. Ẹ̀kọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó kan tó sì le, wọ́n fi háhá àgbàdo wé e, ẹja díndín àti ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Sídì mẹ́ta, owó wọn, ni ẹyọ kan. Mo ní kó yí i sí náírà fún mi, ó ní ó tó igba. Igba náírà, ẹ̀kọ kan! Mo ní n ò jẹ. Nígbà tí ebi wọ̀ mí lára, mo jẹ méjì.

Ibi tó kù láti Àkírà dé Tàmálè jìn ju èyí tí a ti rìn lọ lójú mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kejì tí a wọ̀ gbọ́ Hausa, èmi náà sì gbọ́ Hausa ọjà díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ra àlùbọ́sà ní Sábó. Ó ní, “Hajiya, ta ni ara rẹ̀ ò yá ní Tàmálè?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ ò yá. Ọmọ ni mo fẹ́ lọ gbé.”

“Ọmọ ta ni?”

“N ò tíì mọ̀ ọ́n.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi ọmọ ọmọ yín sílẹ̀, ẹ ń lọ gbé ọmọ ẹni tí ẹ ò mọ̀?”

Mo ní, “Gbogbo èrò tí ìwọ gbé sínú ọkọ̀ yìí, o mọ̀ wọ́n ni?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lu ọkọ̀, ó ní kí n wá jókòó níwájú lọ́dọ̀ òun, níbi tí ẹsẹ̀ mi á ti rí àyè nà.

Ó di ọjọ́ kejì ká tó dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì pupa. Ojú mi wá òkè títí, kò rí. Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ Mápó, bí kò bá rí òkè, á dà bíi pé wọ́n ká ògiri kúrò lẹ́yìn ilé rẹ̀. Igi emi tí òrí ń ti ara èso rẹ̀ wá ló kún oko, ẹtù ń sáré kọjá lójú ọ̀nà. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni àwọn obìnrin wọn: ìyàwó ilé, arúgbó, oníhíjáàbù, gbogbo wọn ló ń wa alùpùpù. Ní Ọjà'ba, bí obìnrin bá wa ọ̀kadà kọjá, ọjà máa dúró wò ó ni. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yíjú. Ẹ̀yìn alùpùpù Memúnà ni mo máa ń wà lójoojúmọ́ lọ sí ọsibítù. Mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, mo ń ṣe lá ìláhà.

Ilé màmá Memúnà, Màmá Salámátù, yípo bí agbada. Yàrá róbótó-róbótó ló yí àgbàlá ká, gbogbo ilẹ̀kùn dojú kọ ara wọn. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń kí mi. Bí ẹnì kan bá kí ẹnì kejì nílùú yẹn, “Náà” ni ìdáhùn. Wọ́n a máa fà á bí orin. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kankan, wọ́n ti gbé omi wá. Mo mu ún. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí n jókòó. Ìgbà tí mo mu omi tán, tí mo fẹsẹ̀ lélẹ̀ tán, ni Màmá Salámátù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Hausa ní, “Ó dáa. Báwo ni ọ̀nà? Kí ló gbé yín wá?” Bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní àṣà àwọn ni: a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá kó tó mu omi, a kì í sì í bi í ní ọjọ́ tó máa lọ.

Èlùbọ́ tí mo gbé wá dùn mọ́ wọn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi í ṣe! Wọ́n fi omi díẹ̀ wọ́n ọn, wọ́n fi ọwọ́ rà á títí ó fi di kóro-kóro, wọ́n sì gbé e sórí ooru gbígbóná nínú ìkòkò oníhò. Wásáwàsá ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú bí ó ṣe yẹ kó dúdú, àmọ́ kóro ni, òróró òrí àti ata gígún ni wọ́n dà lé e. Mo ní, “Ẹ ti fọ́ èlùbọ́ mi sí wẹ́wẹ́.” Màmá Salámátù ní, “Ẹ̀yin náà ẹ̀ ń rò ó pọ̀ lójú kan bí amọ̀.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọsibítù, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi dání. Sístà tó ń ṣe olórí yàrá àwọn ọmọ wo inú rẹ̀. Memúnà ń túmọ̀. Sístà ní ọṣẹ, rárá. Òrí, rárá. Wíwẹ̀, nínà, sísọ sókè, rárá, rárá. Ó ní awọ ọmọ wọ̀nyí ò tíì gbó, eegun wọn ò tíì le. Kí n fọwọ́ mi mọ́, kí n jókòó, kí n má ṣe ohunkóhun.

Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wọ ilé onílé á wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà. Mo di àpò mi padà, mo jókòó.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan lé mi láyà, ara sí ara, fìlà lórí rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ní imú rẹ̀ tí wàrà ń gbà wọlé. Wọ́n fi aṣọ gbà á mọ́ mi. Mo ti gbé àkùkọ tó wúwo jù ú lọ. Gìrì ló mú ìyá rẹ̀ nígbà ìrọbí. Ó ṣì wà lórí ibùsùn ní yàrá mìíràn, kò tíì lè dá jókòó. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó wà lójú ọ̀nà. Ìyá bàbá rẹ̀, Hajiya Fúséínà, ló ń wá lójoojúmọ́. Òun ló ń gbé kókò wá fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyẹn ògì jéró wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá tiwa ló máa ń tẹ́ ẹní sí. Kò wọlé rí. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà rí. Mo rò pé kò fẹ́ràn ọmọ obìnrin ni, mo sì ń bínú sí i nínú.

Ohun kan wà tí Sístà kọ́ mi. Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń gbàgbé láti mí. Kò ní jà, kò ní sunkún. Á kàn dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, kí n fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀, á rántí. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan mìíràn nìyẹn. Ìṣẹ́jú tí o bá fi ṣe nǹkan mìíràn, ìyẹn ni ọmọ lè fi lọ.

Mo ń jókòó. Ọwọ́ mi ń yún mi, mo fi lé ẹ̀yìn ọmọ. Ṣùgbọ́n Sístà ò sọ pé kí n pa ẹnu mọ́. Nínú agboolé wa, ọmọ kì í wà lára àgbà kí àgbà má rí ohun pè é. Mo bá ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. “Àbẹ̀kẹ́ mi, rọra máa mí. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó kéré tí a fi ń yangàn. Àbẹ̀kẹ́, má ì lọ, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.” Ó ń gbọ́. Mo búra, ó ń gbọ́. Orí rẹ̀ á yí díẹ̀ sí ọ̀fun mi.

Ó di ọjọ́ kan, Màmá Salámátù gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi. Bí Memúnà ṣe ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà ni Hajiya Fúséínà bi í pé, “Kí ni arúgbó yẹn ń pè é, láàárọ̀, lọ́sàn-án?”

Memúnà ò fura. Ó ní, “Orúkọ ìkẹ́ ni. Yorùbá máa ń fún ọmọ.”

Hajiya dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ yàrá náà nìyẹn, ohùn ló sì gbé wọlé. “Ta ló ní kó sọ ọmọ wa lórúkọ? Àlejò ni ọmọ yìí! Kò tíì sọ fún wa bóyá òun máa dúró. Àwọn méjì ti wá sílé wa ṣáájú rẹ̀, kékeré báyìí náà. A kánjú pè wọ́n lórúkọ, wọ́n gbọ́, wọ́n lọ. Ẹ tú u. Mò ń gbé e lọ sílé lónìí yìí.”

Sístà bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọyẹ́ wà níta, ọmọ á kú sọ́nà. Hajiya ò gbọ́. Ìyá ọmọ ò lè sọ̀rọ̀, bàbá ò sí nílé. Ìyá bàbá ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó ti ní kí wọ́n pe ọkọ̀. Sístà wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Memúnà ní, “Ìyá, wọ́n ní kí ẹ tú u.”

N ò tú u.

Mo bi Màmá Salámátù léèrè pé kí ni mo ṣe. Ó sọ ọ́ fún mi ní Hausa, jẹ́jẹ́. Ní ilẹ̀ àwọn, ọmọ tuntun kì í lórúkọ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Sáándò ni wọ́n á máa pè é. Bó bá jẹ́ obìnrin, Sáánpágà. Àlejò ọkùnrin, àlejò obìnrin. Ẹni tí kò bá tíì dá a lójú pé òun máa dúró, wọn kì í so okùn orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn. Èyí tó sì kéré tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti sún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ síwájú.

Mo kúnlẹ̀, tọmọ-tọmọ láyà mi, lórí sìmẹ́ńtì.

Hajiya fò sẹ́yìn. “Ẹ dìde! Ẹ jù mí lọ!”

Mo ní, “N ò dìde. Hajiya, ọjọ́ tí mo dé ìlú yín, omi ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Wọn ò bi mí pé ọjọ́ wo ni màá lọ. Wọ́n ní kí n jókòó ná. Àlejò tó wà láyà mi yìí ò tíì jókòó tán. Bó bá jẹ́ ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín, ẹnu mi á dákẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń pè é ni màá máa pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e síta sínú ọyẹ́.”

Ibi tí Memúnà ti ń túmọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti dákẹ́ láyà mi. Mo fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan. Mo tún rà á. Ó fa èémí, fúú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Hajiya rí ọwọ́ mi. “Kí ló ṣe é?”

“Ó gbàgbé èémí ni. Mo rán an létí.” Mo wá ní, “Bó bá gbàgbé nínú ọkọ̀, ta ni máa rán an létí?”

Hajiya jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, obìnrin gbàgídíì. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là: kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà. Àwọn méjì tó lọ ni kò jẹ́ kó lè fọwọ́ kàn án.

Mo ní, “Ẹ gbà á.”

Ó ní, “N ò lè gbà á. Bí mo bá gbé e, tó tún lọ ńkọ́?”

“Bó bá lọ, àyà yín ló ti máa lọ, kì í ṣe àyà àjèjì. Bó bá dúró, á mọ ẹni tó gbà á lálejò.”

Ó pẹ́ kó tó ṣí aṣọ àyà rẹ̀. Sístà ló bá wa tú ọmọ lára mi, tó dì í mọ́ ọn. Hajiya tẹrí sí etí ọmọ, ó ní, “Sáánpágà, màráábà.” Ẹ káàbọ̀ nìyẹn. Wọ́n dá ọkọ̀ padà.

Àyà mi tutù lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Wọ́n gbé ọmọkùnrin mìíràn fún mi. Mo pè é ní Sáándò, mo pa ẹnu yòókù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ara wa lèmi àti Hajiya ń jókòó sí. Bó bá rí i tí ètè mi ń mì, á fi Hausa ní, “Yàrúbáwá! Ẹnu ń yún wọn.” Màá ní, “Ẹ wo iwájú yín, ẹ ka èémí ọmọ yín.”

Nígbà tí oṣù pé tí mo ń bọ̀, wọ́n ti yọ rọ́bà kúrò nímú Sáánpágà, ìyá rẹ̀ sì ti ń fi ọwọ́ di ògiri mú rìn wá wò ó. Hajiya gbé ike òrí ńlá kan fún mi. Òrí tí mo gbé lọ wà nínú àpò láìtú. Mo wá gbé òmíràn kún un bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Kò sọ nǹkan kan nípa orúkọ. Èmi náà ò sọ.

Sàhíìdì ló wá pàdé mi níbi mọ́tò. Ó gba àpò, ó ní, “Ìyá, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀ títí oṣù fi pé?”

Mo ní, “Mo jókòó.”

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Memúnà pè lórí fóònù. Wọ́n ti gbé ọmọ lọlé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí bàbá rẹ̀ yàn. Hajiya ń já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó ti pinnu o! Ó ní òun ń dúró. Ẹ wá pe ohun tí ẹ máa ń pè é yẹn báyìí, mo ti fi fóònù sí i létí.”

Mo wà lórí àga níwájú ilé wa ní Bẹyẹrunkà, mo pè é. Gbogbo agboolé ń wò mí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Sàhíìdì àti Sìkírátù jókòó. Mo ní, “Ìjókòó tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ yẹn, iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí èmi náà bá ń gbàgbé èémí, ẹ má sáré kiri, ẹ má pariwo sí ara yín. Kí ẹnì kan jókòó tì mí, kó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, kó máa pe oríkì mi. Bí mo bá dúró, ẹ fún mi lómi. Bí n ò bá dúró, ẹ má bi mí léèrè.”

Sìkírátù ń sunkún. Sàhíìdì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, ó jókòó.